Màmá Àgùdà àti Páì Tí Kò Ní Ápù

Orí bébà tó ń dán ni wọ́n tẹ ìwé ètò ìsìnkú Màmá Àgùdà sí, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tó yẹ sínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé tíṣà ni, pé ìyá ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, pé ó bí ọmọ márùn-ún, ó sì fi ojú rí ọmọ-ọmọ mọ́kànlá. Mo kà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún kà á nínú mọ́tò nígbà tí à ń bọ̀ láti itẹ́ òkú. N kò rí páì níbẹ̀. Mo bi bàbá mi pé ta ló kọ ọ́, ó ní ìgbìmọ̀ ni. Mo ní ṣé kò wá sí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tó rántí páì ni? Ó ti rẹ bàbá mi lọ́jọ́ náà, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀ ni. Ó ní, "Ìwọ náà lọ kọ tìẹ."

Èyí ni tèmi. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, nítorí n kò mọ ìdajì rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni àwọn ìsinmi gígùn tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún méje títí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Pápá Àjàó ni èmi àti àwọn òbí mi ń gbé, láàárín àwọn tó ń jó irin àti àwọn tó ń lu ara mọ́tò, tí ariwo kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ. Síbẹ̀, ìyá mi máa ń sọ pé ariwo tèmi ló ń rẹ òun. Bí wọ́n bá ti pa ilé ìwé dé báyìí, ó ti di ẹrù mi nìyẹn, ó di Àgùdà, ilé ìyá tó bí bàbá mi.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo máa ń béèrè ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí omi fi ń hó? Ta ló kọ́kọ́ fi ata sí ọbẹ̀? Níbòmíràn, wọn á ní kí n lọ jókòó, pé ẹnu mi ti pọ̀ jù. Màmá Àgùdà a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lóòótọ́. A ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìbéèrè rẹ pọ̀ ju irun orí rẹ lọ." Ṣùgbọ́n lẹ́yìn yẹ̀yẹ́ náà, á dáhùn. Tí kò bá mọ ìdáhùn, á ní ká jọ wò ó. Títí di òní, n kò tíì rí àgbàlagbà mìíràn tó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìdáná àti ìtọ́jú ilé, ní ilé ìwé kan ní Yábàá. Ó ti fẹ̀yìn tì kí n tó gbọ́njú, àmọ́ iṣẹ́ tíṣà kò fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé ìdáná rẹ̀ gbọ́dọ̀ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, àtẹ́lẹwọ́ ná, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn ọwọ́. Bàbá Àgbà, ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé rélùwéè tẹ́lẹ̀, máa ń na ọwọ́ tirẹ̀ kó tó bu omi mu nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń san owó rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àlùfáà ìjọ wa wá kí i, ó bá a nínú ilé ìdáná, ó sì ti na ọwọ́ kó tó rántí pé àlùfáà ni òun. Màmá yẹ ọwọ́ náà wò fínnífínní, ó ní, "Èékánná àtàǹpàkò yẹn ti gùn o, ẹ lọ gé e."

Ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ní gbogbo òpópónà wa ni páì ápù rẹ̀. Kò ní ààrò gáàsì. Ìkòkò irin ńlá kan ló ní, tó máa ń da yanrìn sí nísàlẹ̀, kó nípọn tó ìka mẹ́ta. Yanrìn náà kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn gbá jọ ní ìta. Odindi ọjọ́ kan la fi máa ń fọ̀ ọ́ tí omi rẹ̀ á fi mọ́, a óò sá a sínú oòrùn, a óò jọ̀ ọ́ bí ẹní jọ èlùbọ́. Á to agolo mílíìkì mẹ́ta sórí yanrìn, á gbé abọ́ páì lé agolo, á dé ìkòkò, á wá kó ògúnná lé orí ọmọrí. Iná nísàlẹ̀, iná lókè. Orin ìjọ ló fi ń díwọ̀n àkókò. Ẹsẹ mẹ́rin, kí yanrìn gbóná. Ẹsẹ mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kí páì jinná. Bí ẹnikẹ́ni bá wá kí i láàárín orin, ọwọ́ ló máa fi dá a lóhùn.

Ayálégbé tuntun kan wá sókè ilé, ó sì lọ sọ fún onílé pé ìyá àgbà ìsàlẹ̀ ń se yanrìn lójú ọ̀sán gangan. Ẹ mọ ohun tó ń dọ́gbọ́n sọ. Onílé wá, pẹ̀lú ojú líle. Màmá gbé àga fún un, ó ní kó jókòó títí yóò fi jinná. Nígbà tó jinná, ó gé e fún un. Onílé jẹ ẹyọ kan, ó tún tọrọ ìkejì, ó sì ń yọ́ ọ wò lẹ́nu bí ẹni tó ń jẹ ẹja eléegun. Ó ní, "Màmá, ṣé yanrìn náà kò sí nínú rẹ̀ báyìí?" Màmá ní, "Tí ẹ bá rí i, ẹ dá a padà fún mi, mo ti fọ̀ ọ́."

Ó yẹ kí n sọ ohun tó wà nínú páì náà. Ìbẹ́pẹ ni. Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n rárá, tó ṣì le bí òkúta. Màmá á bó o, á gé e pẹlẹbẹ, á bọ̀ ọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà, á ju kànáfùrù mẹ́ta sí i, á wá tẹ́ ẹ sínú fùláwà tó ti fi ìgò yí pẹrẹsẹ. Ápù kò sí lọ́jà nígbà náà, ìjọba ti fòfin de èso òkè òkun. Ẹni tó bá rí ápù, ẹni tó ti ìlú òyìnbó dé ló mú un wá fún un. Síbẹ̀, páì ápù ni Màmá ń pè é, páì ápù ni gbogbo wa ń pè é.

Igi ìbẹ́pẹ náà wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó sì jẹ́ ìdí ìjà fún tọkọtaya náà. Bàbá Àgbà fẹ́ràn ìbẹ́pẹ pípọ́n ju ẹran lọ. Ẹ wá wo wàhálà: ọkọ ń retí kó pọ́n, ìyàwó kò fẹ́ kó pọ́n. Bàbá á fi ojú sí ọ̀kan, á máa ṣọ́ ọ láàárọ̀ lálẹ́, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti wà nínú ìkòkò. Nígbà tó sú u, ó gun àga, ó so aṣọ pupa mọ́ ọ̀kan, ó sì kéde nídìí oúnjẹ pé ti òun nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, aṣọ pupa náà wà lórí igi, wọ́n ti so ó mọ́ ẹ̀ka dáadáa, ìbẹ́pẹ kò sí níbẹ̀. Bàbá Àgbà kò bá a sọ̀rọ̀ ní odindi ọjọ́ kan. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀ tán, gbogbo ìdáhùn tó rí gbà ni, "Aṣọ yín ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà ní kí n má fọwọ́ kan aṣọ."

Bàbá Àgbà kò ní ṣàì gbẹ̀san. Nígbà tí wọ́n fòfin de àlìkámà, fùláwà di ohun tí à ń wá kiri bí egbòogi. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun gbágùúdá mọ́ díẹ̀ tó bá rí, èèpo páì wá ń sán bí ètè nígbà ọyẹ́. Bàbá gbé ti rẹ̀ sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò tiwájú tẹ̀yìn. "Ìyá Délé," ló wí, "páì tí kò ní ápù, tí kò ní àlìkámà, tí wọn kò yan nínú ààrò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wá ní?" Màmá kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ó ní èmi."

Mo ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí mo béèrè ìbéèrè tó jẹ́ kí n máa kọ ìwé yìí. À ń bó ìbẹ́pẹ lọ́wọ́, oje funfun rẹ̀ ń jẹ mí lọ́wọ́, ó sì ń kọ́ mi ní ohun tó kọ́ gbogbo àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀: páì ápù tó dára gbọ́dọ̀ máa ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀rá díẹ̀ lẹ́nu, a sì gbọ́dọ̀ bọ ápù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò gbọ́dọ̀ dín. Mo ní, "Màmá, ṣé bí ápù gan-an ṣe ń rí nìyẹn tí wọ́n bá yan án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ó dá ọ̀bẹ dúró. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ó wo ìbẹ́pẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun ti jẹ ápù rí, lásìkò tí owó epo kún ìgboro, ẹyọ kan tí àwọn tíṣà mẹ́jọ pín. Tútù ni wọ́n jẹ ẹ́. Ta ni yóò mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó gbé e sínú iná? Òyìnbó obìnrin tó kọ́ òun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló fi ìbẹ́pẹ dípò, nítorí kò rí ápù ní gbogbo ìlú. "Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," ló wí, "mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìbẹ́pẹ la fi dípò ápù. Ní ọdún kejì, mo gbàgbé láti sọ ọ́. Nígbà tó di ọdún kẹta, mi ò rántí mọ́ pé ó yẹ kí n sọ ọ́."

"Ẹ ò wá mọ̀ nìyẹn, Màmá."

"Mi ò mọ̀, Àbẹ̀kẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lọ́jọ́ náà, mo sì rò pé àwa méjèèjì nìkan ló kàn. Ní ọjọ́ Àìkú kan, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, nínú ìsinmi mìíràn, Àǹtí Bọ́lá wá.

Àǹtí Bọ́lá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Màmá kọ́, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń gbé ní Ìpọ̀nrí. Wọ́n ti dá ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún tó ṣáájú, ọmọ mẹ́rin wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú gbogbo wa fi dùn nígbà tó ríṣẹ́ alásè ní ilé àlejò kan ní Súrùlérè. Màmá ló kọ lẹ́tà tó mú lọ síbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé òun ló kọ́ ọ, pé kò sí irú páì tí Bọ́lá kò mọ̀ ọ́n yan. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn yóò kọ́kọ́ fi dán an wò.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó jókòó sétí àga, kò sì gba omi tí mo gbé fún un. Ó ní ọ̀gá òun ti òkè òkun dé, ó kó ápù wá, ó ní kí òun fi yan páì fún àwọn àlejò kan. "Mo ṣe é bí ẹ ṣe kọ́ wa gẹ́lẹ́, mà. Mo gé e, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo bọ̀ ọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó di ẹ̀kọ, mà. Ẹ̀kọ mímu. Níwájú àwọn àlejò." Ọ̀gá náà ní alásè wo ni kò mọ̀ pé a kì í bọ ápù. Ó ní irọ́ ló wà nínú lẹ́tà tó mú wá, pé kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ni kó fi ṣe òpin.

Kì í ṣe pé ó wá dá Màmá lẹ́bi. Èyí tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Mo ti ń ronú láti àná, mà. Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà tí ẹ sọ fún wa tí mo gbàgbé. Ẹ dákun, kí ni mo gbàgbé?"

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo wo Màmá. Mo mọ ìdáhùn náà, òun náà sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Bàbá Àgbà wà lórí àga rẹ̀, aládùúgbò kan tó wá kí wa láti ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Màmá wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Ó wá ní, "Ó lè jẹ́ pé o gbàgbé, Bọ́lá. Ó ti pẹ́."

Àǹtí Bọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́. Ó tún kúnlẹ̀, ó sì lọ.

N kò bi Màmá ní ìbéèrè kankan lọ́jọ́ náà, òun náà kò pè mí wá sí ilé ìdáná. Lọ́jọ́ Ajé, ó da yanrìn ìkòkò sílẹ̀, ó tún un fọ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé oúnjẹ síwájú, kò jẹ ẹ́. Bàbá Àgbà ní ṣé inú ń run ún ni. Ó ní rárá. Mo rí i tó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ, ìwé aláwọ̀ búlúù tí etí rẹ̀ ti jẹ, ó fi ìka tẹ ibi tó kọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí, kò sì gbé ìka náà kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Inú bí mi sí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀, inú sì ń bí mi, n kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé èèyàn lè ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́rú, ó ti wé gèlè. Bàbá Àgbà bi í pé níbo ló ń lọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, lórí ìdúró. Bàbá Àgbà gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀. "Ìyá Délé, orúkọ yín ni ẹ fẹ́ lọ dà sílẹ̀ nígboro yẹn. Ẹ fún ọmọ náà ní nǹkan díẹ̀, ẹ bá a wá iṣẹ́ mìíràn. Kí ló ní kí ẹ lọ máa ṣàlàyé fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí?" Màmá ní orúkọ òun ti wà lọ́wọ́ obìnrin náà, nínú lẹ́tà tí òun fọwọ́ sí. Ó wá yíjú sí mi. "Àbẹ̀kẹ́, wọ bàtà rẹ. Ìwọ lo béèrè."

A bá Àǹtí Bọ́lá nínú yàrá rẹ̀ ní Ìpọ̀nrí, tó ń lọ aṣọ iṣẹ́ tó fẹ́ lọ dá padà fún wọn. Màmá kò jókòó. Ó ní, "Bọ́lá, o kò gbàgbé nǹkan kan. Ohun tí mo kọ́ yín lo ṣe. Ìbẹ́pẹ ni à ń bọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èmi náà ò yan ápù rí láyé mi. Jọ̀wọ́, má bínú sí mi." Ó sì fẹ́ tẹ orúnkún. Àǹtí Bọ́lá ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó sáré dì í mú, ó ń sunkún. "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, mà. Ẹ má jẹ́ kí n gba ègún. Ẹ má bẹ̀ mí." Màmá ní, "Ìgbà wo ni mo tó máa bẹ̀ ọ́, tí n kò bá bẹ̀ ọ́ lónìí?" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé àlejò náà.

Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ obìnrin tó sanra, tó wọ gíláàsì, tí kò ní àkókò. Ó rò pé Màmá wá bẹ̀bẹ̀ ni, ó sì ti ń múra láti kọ̀. Màmá ní òun kò wá bẹ̀bẹ̀. "Ìyáàfin, ọmọ yìí ò purọ́ fún yín. Èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn. Mo ní ó mọ gbogbo páì yan, èmi tí mo kọ ọ́ kò sì mọ páì ápù. Ìbẹ́pẹ ni mo fi kọ́ wọn, mo pè é ní ápù fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

Obìnrin náà bọ́ gíláàsì. "Ta ló ní kí ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀, Màmá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Ápù mẹ́rin ló kù nílé yìí. Àlejò mi ń dé lọ́la. Tí ẹ bá tún sọ ọ́ di ẹ̀kọ ńkọ́?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ wá dúró sórí ápù mẹ́rin. Màmá ní, "Mi ò mọ̀ bí yóò ṣe rí. Tí ẹ bá gbà, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

N kò mọ ohun tó mú obìnrin náà gbà. Bóyá òun náà fẹ́ mọ̀ ni. Kí Màmá tó wọ ilé ìdáná ibẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú Àǹtí Bọ́lá, àtẹ́lẹwọ́ ná, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn ọwọ́. Àǹtí Bọ́lá kò mọ ohun tí yóò ṣe. Màmá kò gbé ọwọ́ kúrò. Nígbà tó yá, Àǹtí Bọ́lá wò ó, ó ní, "Ó mọ́, mà."

Ápù kan ni wọ́n fi dánwò. Màmá gé e pẹlẹbẹ, ó jù ú sínú omi gbígbóná, ó ní kí n máa wo aago. Ní ìṣẹ́jú méjì, ó ti ń rọ̀. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti ń yọ́. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí nǹkan tí ṣíbí lè gbé mọ́. Màmá tẹjú mọ́ ìkòkò náà bí ọmọdé tó ń wo ohun tí wọ́n ní kó má wò. "Ọ̀tọ̀ lèyí," ló ń sọ. "Ọ̀tọ̀ pátápátá ni." Ó tọ́ ọ wò, ó ní ó ti kan fúnra rẹ̀, pé ọsàn wẹ́wẹ́ kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Àǹtí Bọ́lá ní bóyá kí àwọn kó o sínú fùláwà ní tútù. Màmá ní, "Ìwọ ni alásè ibí. Kí lo rí?" Ní tútù ni wọ́n kó o síbẹ̀. Ààrò gáàsì wà níbẹ̀ tó ní nọ́ńbà lára, síbẹ̀ Màmá kọ orin tirẹ̀ lábẹ́ ohùn, ẹsẹ mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹ́fà, Àǹtí Bọ́lá sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀gá náà jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ó jẹ èkejì. Ó wá bi Àǹtí Bọ́lá pé ṣé ó lè tún irú èyí ṣe tí òun bá rí ápù sí i. Àǹtí Bọ́lá ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Ó dáa. Aago méje àárọ̀ ọ̀la, kó o tètè dé." Ọdún mẹ́sàn-án ni Àǹtí Bọ́lá fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Lójú ọ̀nà, mo bi Màmá pé báwo ni páì náà ṣe rí lẹ́nu. Ó ní, "Ó dùn. Kò kàn jọ ohun tí mo ti ń sọ rárá ni."

Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ó kó àwọn ìwé orúkọ àtijọ́ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí gbogbo ọmọ tó bá mọ ibi tó wà. Èmi ni mo ń lẹ sítáǹbù. Lẹ́tà kan náà ni: "Ọmọ mi, páì tí mo kọ́ ọ, ìbẹ́pẹ ni. Bí Ọlọ́run bá fún ọ ní ápù, má bọ̀ ọ́." Ọ̀pọ̀ fèsì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan kọ̀wé láti Ìbàdàn pé òun ti ba odindi abọ́ ápù jẹ́ níwájú ìyá ọkọ òun nígbà tí àwọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù, pé láti ọjọ́ náà ni òun ti gbà pé òun kò mọ oúnjẹ sè, òun kò sì yan páì mọ́. Màmá ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó kọ ojú ìwé mẹ́rin padà sí i, kò jẹ́ kí n kà á.

Àwọn èèyàn wá ń yìn ín. Ìtàn náà dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ẹ wo àgbàlagbà tó lọ sọ òtítọ́. Màmá kì í dúró gbọ́ ọ tán. Mo rò pé ìtìjú ni, tàbí ìrẹ̀lẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n lọ bá òun mú omi wá, ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tó kọ̀ láti dá mi lóhùn.

Nígbà tí àìsàn tó mú un lọ dá a dùbúlẹ̀, Àǹtí Bọ́lá máa ń wá wẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sán kan, àwọn ìyá ìjọ mẹ́ta wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Àǹtí Bọ́lá sì ń ròyìn fún wọn bí Màmá ṣe wé gèlè wá gba iṣẹ́ padà fún òun, bó ṣe jẹ́ pé ara iṣẹ́ náà lòun ti rán ọmọ mẹ́rin níwèé. Àwọn ìyá náà ń sọ pé Ọlọ́run yóò san án fún Màmá. Màmá gbé ọwọ́ sókè lórí ibùsùn.

"Láti ọjọ́ Àìkú dé Ọjọ́rú," ló wí. Èémí rẹ̀ kéré. "Ẹ ò sọ ìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa rò pé òun ni kò gbọ́n."

Àǹtí Bọ́lá ní, "Ọjọ́ mẹ́ta péré ni, Màmá. Ẹ gbàgbé rẹ̀."

"Èmi ò béèrè iye ọjọ́. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Báwo ló ṣe gùn tó?"

Àwọn ìyá ìjọ ń wo Àǹtí Bọ́lá, kó sọ ohun tó yẹ kéèyàn sọ fún aláìsàn. Ó fún aṣọ ìnura tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi rẹ̀ ro sínú abọ́. Ó wo Màmá lójú.

"Ó gùn, mà."

Màmá mi orí. Ó wá ọwọ́ Àǹtí Bọ́lá lórí aṣọ ìbora títí ó fi rí i, ó sì dì í mú. "O ṣeun," ló wí. "Mo ti ń fẹ́ mọ̀."